Ìwọ̀fà Tí Kò Rí Olówó Rẹ̀

Lóṣù kẹrin ni lẹ́tà náà máa ń dé,
nínú àpò funfun tó ní fèrèsé kékeré,
orúkọ mi ń yọjú níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé:
Ìbíyẹmí Akíngbadé, Òpópónà Ryde, Hull.
Màmá mi kì í ṣí i.
Á gbé e ti ike iyọ̀, á máa wò ó tìfuratìfura
títí n ó fi ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé.

Ọ̀kẹ́ méjì pọ́n-ùn ni mo yá
kí n lè kọ́ bí a ṣe ń ya àwòrán egungun.
Ọdún keje rèé tí mo ti ń san án.
Ó ku ọ̀kẹ́ méjì àtààbọ̀.

"Tún iye yẹn kà sí mi létí."
Mo tún un kà.
Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó gbé e padà,
àfi bí ẹni pé inú dígí ni ìṣirò náà ti bàjẹ́.

Bàbá ìyá rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà rí, ní Òkè-Igbó,
nítorí owó ìsìnkú tí òun kọ́ ló jẹ ẹ́.
Láàárọ̀, oko olówó. Lẹ́yìn ọ̀sán, oko tirẹ̀.
Òógùn rẹ̀ ni èlé; owó gan-an wà níbẹ̀, kò mira,
bí òkúta àárín odò.
"Ṣùgbọ́n òun mọ ilé olówó rẹ̀," ni Màmá wí.
"Ó mọ ajá ilé náà lórúkọ.
Tìrẹ dà? Ta ni ó ń dógò tì ọ́?"

Kò sẹ́ni tó ń dógò tì mí, Màmá.
Kò sẹ́ni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń bú mi lójú àlejò.
Kí owó oṣù mi tó mọ ọ̀nà ilé
ni wọ́n ti bu tiwọn:
nínú ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan tó bá ré kọjá ààlà, mẹ́sàn-án.
Wọ́n mọ̀wà hù. Wọn kì í kan ilẹ̀kùn.
Ní ilé ìwòsàn, mo ń rí inú ènìyàn kedere,
egungun ìhà, ọ̀pá ẹ̀yìn,
owó ẹyọ tí ọmọdé gbé mì.
N kò tíì rí ibi tí gbèsè ń sá sí.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó gbé agolo ṣokoléètì kan sọ̀kalẹ̀,
agolo Kérésìmesì àtijọ́:
pọ́n-ùn ẹgbẹ̀rin ó lé mẹ́rìnlá,
owó àwọn arúgbó tó ń wẹ̀ ní Bransholme.
"Lọ fi ra ara rẹ padà."

Báwo ni n ó ṣe wí fún un
pé èlé ọdún kan á gbé agolo yẹn mì, ikùn rẹ̀ kò ní wú?
Èyí tó dùn ni mo sọ: tó bá pé ọgbọ̀n ọdún, wọ́n á pa á rẹ́.
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
"Gbèsè tí yóò kú kí onígbèsè tó kú!
Òyìnbó, ẹ kú iṣẹ́."
Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó ń ka ọjọ́ orí mi lórí ìka.
Méjìléláàádọ́ta.

Láolú àbúrò mi wà ní apá kejì tábìlì
pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tirẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà.
Ó fẹ́ kọ́ nípa abẹ̀bẹ̀ ńlá tí wọ́n ń gbìn sínú òkun níhìn-ín.
Bọ́tìnì àwọ̀ ewé kan ló kù.
Ó wò mí. Mo wo Màmá. Màmá wo agolo.

"Ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án..."
Kò parí òwe náà.
Afẹ́fẹ́ Humber ń ti fèrèsé bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé.

Mo gbọ́ nígbà tí bọ́tìnì náà dún,
kò tó ìró èékánná tí a gé.
Màmá ti ń yọ ogún pọ́n-ùn méjì nínú agolo.
"Ti ìkòkò nìyí," ó ní.
"N kò ní jẹ́ kí o yá ìkòkò."